Àmín Tí Mo Ṣe Pẹ̀lú Màsà Lẹ́nu

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ẹnu ara mi fà bá mi lásìkò ìdìbò Ààrẹ tó kọjá yìí. Mo ti gbé e pamọ́ sínú títí ó fi fẹ́ dí mi lọ́fun. Àdúgbò kan náà ni èmi àti àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jọ ń gbé, àmọ́ Faransé ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà, wọn kì í ka Yorùbá. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń bo èèyàn láṣìírí!

Kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Aránṣọ ni mí, ní Akron, níbí ní Àjàṣẹ́. Iwájú ilé ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, kò sì sí ẹni tó máa kọjá tí mi ò ní rí. Ọkọ mi, tó ń fi mọ́tò kó èrò lọ sí Kraké ní ibodè, máa ń sọ pé bí wọ́n bá bu iyọ̀ fún mi, màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bóyá ṣúgà ni. Kò parọ́. Ìfura loògùn àgbà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúgbò wa kọjá pẹ̀lú ariwo, mo ti pinnu pé mi ò ní dìbò fún ẹnikẹ́ni. Kandidá méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ní òun máa tún ojú ọ̀nà ṣe. Èyí kejì náà ní òun máa tún ojú ọ̀nà ṣe. Ọ̀nà wo gan-an? Wọn ò sọ! Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn ńláńlá àdúgbò wa ń tẹ̀ lé. Èyí kejì, mo gbọ́ ọ lórí rédíò lẹ́ẹ̀kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ibodè àti ìyà tó ń jẹ àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ mí létí díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Mi ò gba òun náà gbọ́.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí sàárà fi dé.

Ìyá Ráṣí ni aládùúgbò mi, ilé tirẹ̀ àti tiwa kọjú síra. Aṣọ ló ń tà, òun sì ni olórí àwa obìnrin àdúgbò. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ bí òun ṣe fẹ́, kandidá àkọ́kọ́ yẹn ló sì ń polongo fún kiri. Ọdún yìí ló ń retí àtilọ sí Mẹ́kà. Gbogbo wa la mọ̀, torí kò sí ọjọ́ tí kò sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá pè mí pé òun fẹ́ ṣe sàárà fún ìyá òun tó ti di olóògbé, pé kí n má jẹ́ kí àyè mi ṣófo.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ bí sàárà ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí. Bí wọ́n bá pè ọ́, wàá lọ, wàá jókòó lórí ẹní, wàá gba tìrẹ, Àlúfáà á máa ṣàdúà, ìwọ náà á máa ṣe àmín. Ó parí! Ta ló máa ń bi olóòkú pé irú sàárà wo nìyí? Èmi tí mò ń fura sí iyọ̀, mi ò fura sí sàárà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni mo débẹ̀, ilé sì ti kún. Màsà gbígbóná ni wọ́n ń pín, wọ́n bu ṣúgà lé e lórí. Kí n má parọ́ fún yín, màsà Ìyá Ráṣí dùn! Àlúfáà àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ àdúà. Kí Ọlọ́run kẹ́ òkú, àmín. Kí Ó dá alààyè sí, àmín. Kí àwọn aláboyún bí tibi tire, àmín. Èyí ni mo ṣe tọkàntọkàn, nítorí Kafaya.

Ó yẹ kí n sọ ti Kafaya fún yín. Àkọ́bí mi ni, tíṣà ni ní ẹkóòlù kan ní Avrankou, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Oyún tó kọ́kọ́ ní bàjẹ́ mọ́ ọn lára, ó sì pẹ́ kí òmíràn tó dúró. Nígbà tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ku díẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi kó lè bímọ sí matanitẹ́ tó wà nítòsí wa. Kò sí ìgbà tí mo wo ikùn yẹn tí àyà mi kì í já.

Bí Àlúfáà ṣe fẹ́ parí, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun báláú, tí mi ò rí rí ládùúgbò wa, ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí òun náà ṣe àdúà díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí Ọlọ́run gbé ẹni wa dé ibi gíga. Àmín! Ó ní kí ojú ti àwọn ọ̀tá lọ́jọ́ ìdìbò. Àmín! Ó ní gbogbo ẹni tó bá jẹ nínú sàárà yìí, tó bá wá dalẹ̀ kandidá wa lọ́jọ́ náà, ohun tó ń retí, kó má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Àmín!

Ta ló ṣe é? Èmi ni! Pẹ̀lú màsà lẹ́nu! Àmín ti mọ́ ẹnu mi lára débi pé kò dúró kí etí gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa yé mi, àmín ti jáde. Mo fẹ́ tu màsà tó wà lẹ́nu mi, àmọ́ ta ló ń tu sàárà dànù lójú olóòkú? Mo gbé e mì, ó sì lọ bí òkúta.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ohun tí mò ń retí? Ọmọ Kafaya ni!

Láti ọjọ́ yẹn, oorun dá lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Kí ló dé tí ọkùnrin yẹn fi sọ pé “ohun tó ń retí”? Ta ló sọ fún un pé aboyún wà nílé mi? Mo wá rántí pé Ìyá Ráṣí gbé ọsàn wá fún Kafaya nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wá wo ikùn ni! Mo kó gbogbo ọsàn tó kù fún ewúrẹ́. Kafaya ń wá ọsàn rẹ̀ kiri ilé, mo ní ó ti bàjẹ́.

Mo wá ń ṣọ́ Ìyá Ráṣí. Bó bá kí mi, màá wo ẹ̀yìn ìkíni náà. Lọ́jọ́ kan ó dúró síwájú ẹ̀rọ mi, ó ní ṣé kátì ìdìbò mi wà lọ́wọ́. Mo ní ó wà. Ó ní ara Kafaya ńkọ́. Ẹ gbọ́ o, lẹ́ẹ̀kan náà! Kátì àti Kafaya! Ṣé ẹ̀yin náà ò ní fura?

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní èmi ni mo jẹ màsà, òun ò bá mi jẹ ẹ́, òun ò sì ní dìbò fún ẹnikẹ́ni, oorun lòun máa fi ọjọ́ náà sùn. Ó tún ní bó bá jẹ́ pé èpè ń jà báyẹn ni, àwọn olóṣèlú ìbá ti tán láyé. Ó dùn ún sọ. Kì í ṣe òun ló ṣe àmín!

Èmi náà kọ́kọ́ rò pé kí n jókòó sílé. Ẹni tí kò dìbò, báwo ló ṣe fẹ́ dalẹ̀? Àmọ́ mo tún un rò. Bí èèyàn bá bá ọ jẹun, tí o wá ń retí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, tó lọ tilẹ̀kùn mọ́rí, kí lo máa pè é? Ọ̀dàlẹ̀ náà ni! Bí mo lọ, wàhálà. Bí mi ò lọ, wàhálà. Màsà yẹn ti ká mi mọ́ pátápátá.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Àlúfáà lọ. Fáànù tuntun ló ń fẹ́ sí i lára nígbà tí mo wọlé. Ta ló rà á fún un? Mi ò béèrè, àmọ́ mo rí i. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, bí èèyàn bá ṣe àmín sí ohun tí kò gbọ́ yé, ṣé ó mú un? Ó ní Ọlọ́run mọ inú ẹ̀dá. Mo ní ṣé mo lè wá dìbò bó ṣe wù mí nìyẹn? Ó ní Ọlọ́run mọ inú ẹ̀dá. Mo ní kó kúkú bá mi ṣe àdúà mìíràn tó máa pa ti ọkùnrin yẹn rẹ́. Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó wò mí, ó wá rọra bi mí léèrè.

“Ìyá Kafaya, ta lẹ tilẹ̀ fẹ́ dìbò fún?”

Háà! Kí ni Àlúfáà fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo ní mo gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Mo sáré jáde, mi ò tilẹ̀ rí bàtà mi wọ̀ dáadáa. Ọbẹ̀ kankan ò sí lórí iná.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, mo ti gbà fún wọn. Ẹ má bú mi o. Ṣebí ìbò kan ṣoṣo ni? Ṣé ìbò èmi aránṣọ ló máa gbé Ààrẹ gorí àga ni? Mo ní kí n lọ tẹ ti ẹni wọn, kí ọmọ mi bímọ ní àlàáfíà, kó tán síbẹ̀. Mo wé gèlè, mo mú kátì mi, mo ń jáde lọ.

Kafaya jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu kókó. Ó wò mí, ó ní kí ló dé tí mi ò jẹun láti àná, ta ló ṣe mí? Mo kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Ó ní òun mọ ojú mi bí nǹkan bá wà. Bí mo ṣe tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, sàárà, ọkùnrin aláṣọ funfun, àmín, títí kan ọsàn. Mo rò pé ẹ̀rù máa bà á. Ó kàn gbé ife kókó sílẹ̀.

“Màmá, ìbò yín lẹ fẹ́ fi san owó màsà?”

Mo ní kì í ṣe nítorí màsà, nítorí ọmọ inú rẹ̀ ni.

“Ọmọ inú mi ò jẹ màsà ẹnikẹ́ni. Avrankou ni kátì tèmi wà, ẹ sì rí i pé mi ò lè débẹ̀ pẹ̀lú ikùn yìí. Bàbá ń sùn. Ìbò yín nìkan ni ọmọ yìí ní nínú ilé yìí. Ẹni tó ṣépè fún un lẹ wá fẹ́ gbé e fún?”

Ẹni tó ṣépè fún un! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo bí mo ṣe ń fura sí ọsàn, tí mò ń fura sí fáànù, mi ò bi ara mi pé irú èèyàn wo ló máa gbé oúnjẹ fún ni, tó tún máa fi ọmọ ẹni halẹ̀ mọ́ ni. Bó bá ń ṣe báyìí nígbà tó ṣì ń tọrọ, báwo ló ṣe máa ṣe nígbà tó bá gorí àga tán? Inú bí mi. Ojú sì tún tì mí.

Ẹkóòlù àdúgbò wa ni wọ́n ti ń dìbò. Ta ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu géètì? Ìyá Ráṣí! Ó ti dìbò tirẹ̀, íǹkì wà lórí ìka rẹ̀, ó dúró ń kí gbogbo obìnrin tó ń wọlé. Ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn wà lábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà, ó ń tẹ pọ́tábù rẹ̀. Ta ló ń pè? Kí ló ń kọ? Ìyá Ráṣí ní ara ọmọ wa ńkọ́. Mo ní ó wà.

Nígbà tó kàn mí, wọ́n yẹ kátì mi wò, wọ́n fún mi ní ìwé ìbò, mo wọ ẹ̀yìn ibi tí wọ́n fi páálí dí. Mo wòkè. Mo wo abẹ́ tábìlì. Mo rí ihò kékeré kan lára páálí náà, mo fi èjìká dí i. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín o! Fọ́tò àwọn kandidá ń wò mí. Mo ní, Ọlọ́run, Ìwọ lo dá ọmọ yìí sínú ìyá rẹ̀, kì í ṣe ọkùnrin aláṣọ funfun. Mo tẹ ti ẹni kejì, ẹni tó sọ̀rọ̀ ibodè. Mi ò tíì gbà á gbọ́ títí di báyìí, àmọ́ kò ṣépè fún mi.

Bí mo ṣe jáde, Ìyá Ráṣí gbá ọwọ́ mi mú. Ó yí ìka mi sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, àfi bí ẹni pé íǹkì máa bá a sọ̀rọ̀. Mo fa ọwọ́ mi gbà, mo lọ sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìrọbí mú Kafaya. A gbé e dé matanitẹ́, sàjifámù, agbẹ̀bí ibẹ̀, ní kí n dúró níta. Oòrùn ń gòkè, ọmọ ò dé. Oòrùn dé àtàrí, ọmọ ò dé. Mò ń gbọ́ ohùn Kafaya nínú ilé, èmi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ìka dúdú yẹn wà níwájú mi. Mo fi itọ́ pa á, kò lọ. Mo lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, kò lọ. Gbogbo agídí tí mo ṣe lẹ́yìn páálí ti tán. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí mi ò lè ròyìn fún yín, mo sì sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀, kó gba ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kó gba ojú tí mo fi ń ránṣọ, kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Wọ́n ń pe ìrun Àsárì lọ́wọ́ ni mo gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni! Ó ń ké bí ẹni tó ń bá èèyàn jà. Ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Mo foríkanlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mi ò fẹ́ dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà náà, a ti mọ ẹni tó wọlé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí. Ìyá Ráṣí gbé aṣọ wá fún ọmọ. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Kafaya, ó gbé e sókè láàárín àwọn obìnrin, ó ní kí wọ́n wo ọmọ bó ṣe dé láyọ̀, òun ti mọ̀ pé Ìyá Kafaya ò ní dalẹ̀ àdúgbò! Gbogbo wọn pariwo, wọ́n ń bá mi yọ̀. Ṣé ó yé yín? Nítorí pé ọmọ dé ní àlàáfíà, wọ́n ti gbà pé ti ẹni wọn ni mo tẹ̀! Ṣé mo sọ̀rọ̀? Mi ò sọ nǹkan kan. Kafaya ti fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Nígbà tí àwọn èèyàn dojú kọ oúnjẹ, Ìyá Ráṣí wá jókòó tì mí, ọmọ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ sí mi létí.

“Ìyá Kafaya, nítorí Ọlọ́run, ṣé ti ẹni wa lẹ tẹ̀ lóòótọ́?”

Pańpẹ́ nìyí, mo sọ ọ́ sínú. Mo ní ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ fáyé gbọ́.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ ti ẹni kejì lẹ tẹ̀, ẹ sọ fún mi. Ọmọ yín dé láyọ̀, kí ọkàn tèmi náà lè balẹ̀ nítorí Mẹ́kà mi.”

Mo wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe pańpẹ́ o. Ẹ̀rù tó wà lójú mi lórí bẹ́ńṣì matanitẹ́ ni mo rí lójú rẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi. Òun tó ń polongo, tó dúró lẹ́nu géètì tó ń kí èèyàn, kò tẹ ti ẹni rẹ̀! Ó ní àdúà ọkùnrin yẹn ló bí òun nínú. Ó ní sàárà ìyá òun lòun ṣe lóòótọ́, òun pè é kó wá jẹ màsà ni, òun ò pè é kó wá ṣépè fún àwọn èèyàn òun. Àmọ́ òun náà ti ṣe àmín kí òun tó gbọ́ ohun tó sọ.

Ẹ wò ó, mo rántí gbogbo ọsàn tí mo kó fún ewúrẹ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́ fún un tààrà. Èmi ni mo wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ mí. Mo kàn fi ọwọ́ kan orí ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní bí Ọlọ́run ṣe jẹ́ kí ohun tí mò ń retí tẹ̀ mí lọ́wọ́, láìka ohun tí mo tẹ̀ sí, kí Ó jẹ́ kí tirẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìyá Ráṣí ò kánjú. Ó ro àdúà náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló wá rọra dáhùn.

“Àmín.”

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: ẹ jẹ́ kí àdúà parí kí ẹ tó dáhùn. Ẹni tó bá sì fi ọmọ yín halẹ̀ mọ́ yín nítorí ìbò, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ẹni tí kò yẹ kí ẹ gbé e fún. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fi oúnjẹ tàbí àdúà dè yín rí lásìkò ìdìbò? Kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ dé ẹ̀yìn páálí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n kà á. Àmọ́ ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o! Mo mọ̀ pé Faransé ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó ń kà á fún wọn?